Ta Ló Ni Ìlù Náà? Tony Allen, Fẹlá, àti Owó Onílù

Oṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp àwa ọ̀dọ́, ó sì di àríyànjiyàn ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń lu dírọ́ọ̀mù lọ sí sítúdíò kan, ó lu ìlù sí orin kan, wọ́n fún un lówó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ. Orin náà wá gbòde. Ọmọ yìí ní òun fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i, kí nǹkan sì kan òun nínú owó tó ń wọlé. Àwọn kan ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan, wọ́n sì pọ̀ o, ní ẹni tó kọrin ló lorin, pé onílù ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kí ló tún kù?

Mo fẹ́ fi ìtàn dá sí i, nítorí ẹjọ́ yìí ti pẹ́ láyé. Ìlù Afrobeat tí wọ́n ń lù ní New Afrika Shrine ní Àgídìngbì níbí, tí a lè wọ kẹ̀kẹ́ dé láti Orẹ̀gún kí orin Fẹlá kan ṣoṣo tó parí (bí kò bá sí gosiló, ẹ jọ̀ọ́), ẹnì kan ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e kalẹ̀. Kì í sì í ṣe Fẹlá. Tony Ọládípọ̀ Allen lorúkọ rẹ̀. Tí mo bá bi ọ̀dọ́ mẹ́wàá ládùúgbò wa pé ta ni Fẹlá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló máa dáhùn. Tí mo bá ní ta ni Tony Allen, a óò kàn jọ máa wo ara wa lójú ni.

Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1940, Láfíàjí ló sì ti dàgbà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni bàbá rẹ̀, mẹkáníìkì mọ́tò tó máa ń ta gìtá fún ìgbádùn ara rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ náà sí, ṣùgbọ́n Keta ní ilẹ̀ Ghana ni ìdílé wọn ti wá. Tony ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ọmọ Àyàn. Kò sí ẹni tó gbé kànàngó lé e lọ́wọ́ láti kékeré. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló kọ́, ilé iṣẹ́ rédíò ló sì ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dírọ́ọ̀mù dánra wò, lẹ́yìn tó ti tó bí ọmọ ọdún méjìdínlógún. Èmi fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa ló ń rò pé ẹni tí kò bá bẹ̀rẹ̀ ní kékeré ti pẹ́ jù.

Ọ̀dọ̀ Victor Ọláìyá, ọ̀gá highlife, ló ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ gidi. Ẹ má rò pé dírọ́ọ̀mù ni wọ́n gbé fún un o. Igi kékeré méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra wọn, ìyẹn claves, ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ Cool Cats. Ìgbà tí onílù ẹgbẹ́ náà kúrò ni àyè ṣí sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, bí àwọn olórin Èkó ìgbà náà ti máa ń ṣe: ibi tí iṣẹ́ bá wà lálẹ́, ibẹ̀ la máa bá wọn.

Nǹkan kan wà tó yà á sọ́tọ̀. Nínú dírọ́ọ̀mù, abọ́ idẹ pẹlẹbẹ méjì kan wà tó dojú kọ ara wọn lórí ọ̀pá, tí onílù ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ kí wọ́n lè pàdé kí wọ́n sì tún pínyà. Hi-hat là ń pè é. Ọ̀pọ̀ onílù highlife nígbà náà, wọ́n á kàn tì í pa ni, wọ́n á máa fi igi gbá a lórí. Tony wá rí ìwé ìròyìn jazz ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Down Beat, níbi tí Max Roach ti ṣàlàyé ohun tí ẹsẹ̀ òsì lè fi hi-hat ṣe. Ó jókòó tì í, ó ń kọ́ ara rẹ̀. Ó ń gbọ́ àwo Art Blakey àti ti Gene Krupa. Ó sì ń gbọ́ ti Guy Warren, ọmọ Ghana tó ti gbé ìlù ilẹ̀ wa wọ inú jazz kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó máa rò ó. Títí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì ń sọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọn ò sì tẹ ara wọn mọ́lẹ̀.

Ẹ ronú sí àwọn onílù dùndún níbi ìnáwó. Gúdúgúdú ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìsinmi. Omele ń dá a lóhùn. Ìyáàlù ló ń ki èèyàn, ló ń sọ̀rọ̀, ló ń yà kúrò lójú ọ̀nà tó sì tún ń padà. Èèyàn mẹ́rin, márùn-ún ló ń ṣe é. Lójú tèmi, ohun tí Tony Allen ṣe ni pé ó kó gbogbo wọn sínú ara ẹnì kan tó jókòó lórí àga. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni gúdúgúdú, kì í sinmi. Ẹsẹ̀ òsì ń dáhùn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó wà lórí ìlù ńlá kì í kàn gbá gbì gbì bí ti àwọn onílù rọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ọwọ́ òsì lórí snare ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, àfìgbà tó bá fẹ́ kéde ló máa ń kígbe. Kì í sì í lù ú kíkan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó lọ gbọ́ àwo Fẹlá èyíkéyìí láàárín 1971 sí 1978, kó fi etí sílẹ̀ fún ìlù nìkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Á yé e.

Fẹlá ti ti London dé ní 1963, ó ń wá onílù tó lè lu jazz. Ọdún 1964 ni wọ́n mú Tony wá fún ìdánwò. Fẹlá gbọ́ ọ, ó bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ, torí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Èkó. Láti ọjọ́ yẹn, ọdún márùndínlógún ni wọ́n jọ lò. Jazz ni wọ́n kọ́kọ́ ń lù, àwọn èèyàn ò sì yà sí i rárá. Wọ́n wá dá Koola Lobitos tuntun sílẹ̀ ní 1965, ẹgbẹ́ highlife tí jazz wà nínú rẹ̀. Ní 1969 wọ́n gbé ara wọn lọ sí Amẹ́ríkà, ìrìn-àjò orin tó nira gan-an: owó ò sí, ìwé iṣẹ́ ò sí, àwọn agbófinró ìwọ̀lú ń wá wọn. Ìlú Los Angeles ni Fẹlá ti pàdé Sandra Smith, tí a wá mọ̀ sí Sandra Izsadore, ẹni tó la ojú rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n yára wọ sítúdíò. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀ ṣì wà títí dòní, ẹ sì lè gbọ́ nínú rẹ̀ pé ìlù náà ti ń yí padà.

Wọ́n padà wálé, orúkọ di Africa 70, Shrine di ilé wọn ní Empire Hotel, Ìdí-Orò, ní Mùṣín. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo ń bọ̀ wá sọ wà. Gbogbo ẹni tó bá Fẹlá ṣiṣẹ́ ló mọ bó ṣe ń ṣe é. Fẹlá á jókòó sídìí dùùrù, á kọ ohun tí gìtá àkọ́kọ́ máa ta, á kọ ti èkejì, ti gìtá báàsì, ti àwọn afọnfèrè, ti àwọn agberin. Á kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yí i. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í kọ nǹkan fún: Tony Allen. Tony ló máa gbọ́ orin náà, òun ló máa dá ìlù tirẹ̀ sí i. Fẹlá fúnra rẹ̀ kò fi pa mọ́, ó sọ ọ́ pé láìsí Tony kò lè sí Afrobeat.

Àmọ́, ẹ wo ẹ̀yìn àwo. Orúkọ ẹni tó kọ orin: Fẹlá. Nínú àwo tó lé ní ọgbọ̀n tí Tony bá a lù sí, bó ṣe rí nìyẹn. Orúkọ Tony wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílù, nígbà míì wọ́n tún kọ ọ́ pé òun ni olórí ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé lórí àwo kì í tẹ̀lé orúkọ onílù. Owó iṣẹ́ ni ti onílù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Ìkẹjà tiwa yìí, torí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó onílù dé ẹnu ọ̀nà wa gan-an. Ìkẹjà kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣe bíà, bisikíìtì àti páànù nìkan. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wakọ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Nàìjíríà ní 1971. Ó di ọ̀rẹ́ Fẹlá, wọ́n jọ ṣe àwo kan ní London lọ́dún yẹn, òun àti Tony jọ wà nídìí ìlù. Ó bá àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ṣe ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Salt, tí àwọn ìbejì Lijadu àti Laolu Akins tó jẹ́ onílù BLO wà nínú rẹ̀. Ó wá kọ́ sítúdíò kan sí Ìkẹjà níbí, ARC lorúkọ rẹ̀, ó sì ṣí i ní 1973.

Lọ́dún yẹn kan náà, ní oṣù kẹjọ, Paul McCartney tó ti wà nínú Beatles wá sí Èkó láti ṣe àwo Band on the Run. Sítúdíò EMI ní Àpápá ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n orin kan, Picasso's Last Words, ARC ní Ìkẹjà ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Fẹlá bínú, ó ní ṣe ni McCartney wá jí orin aláwọ̀ dúdú. Gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Èyí tí ayé kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé McCartney kò mú onílù kankan wá. Denny Seiwell, onílù rẹ̀, fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ kan kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kí ló fa á? Owó. Owó ọ̀sẹ̀ tí kò tó nǹkan ló ń gbà, wọ́n ti fi ẹnu ṣèlérí pé ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ń bọ̀, kò sì sí ìwé àdéhùn kankan. McCartney fúnra rẹ̀ ló wá lu ìlù inú àwo náà. Àwo yẹn tà káàkiri ayé.

Ẹ ò rí nǹkan? Nínú ẹgbẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó lówó jù nínú orin lágbàáyé, onílù ń jà fún ìwé àdéhùn. Ní Mùṣín, onílù tó dá ìlù tuntun sílẹ̀ ń gba owó iṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìwà àwa dúdú ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀tọ́ fún Fẹlá o, torí mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, èmi náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ń jẹun lójú ọ̀nà Fẹlá kò níye. Òun ló ṣe kòkáárí àwo mẹ́ta tí Tony fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe, tí Africa 70 sì bá a ṣe: Jealousy ní 1975, Progress ní 1977, àti No Accommodation for Lagos ní 1979. Ọ̀gá báńdì mélòó ló máa ya ẹgbẹ́ rẹ̀ fún onílù rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, àwọn ọmọ ogun jó Kalakuta, wọ́n ju ìyá Fẹlá láti ojú fèrèsé, ìyá náà sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tí wọ́n ṣe irú nǹkan báyẹn sí, a ò lè fi ẹnu kan ṣoṣo dá a lẹ́jọ́ lórí owó.

Síbẹ̀, òtítọ́ ni pé owó ló tú wọn ká. Ní 1978, wọ́n lọ ṣeré níbi àjọ̀dún jazz ní Berlin, ilẹ̀ Jámánì. Tony àti Ginger Baker jọ lu ìlù níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, ẹ lè gbọ́ ọ nínú àtúntẹ̀ àwo tí wọ́n ṣe ní 1971 yẹn. Ìròyìn wá kàn láàárín ẹgbẹ́ pé Fẹlá fẹ́ fi owó eré náà ṣe ìpolongo láti di ààrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin náà bínú, wọ́n kúrò. Tony náà kúrò ní 1979. Ó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí àwọn àwo tó ti lù sí, kò rí i gbà bó ṣe fẹ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé onílù mẹ́rin ni Fẹlá ní láti wá kó tó lè dí àyè tí Tony fi sílẹ̀. Bóyá àsọdùn ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbìyànjú láti lu ìlù yẹn mọ ìdí tí ìtàn náà fi dùn sọ.

Ṣé ó lè pè wọ́n lẹ́jọ́? Kí ló fẹ́ fi pè wọ́n? Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tí Nàìjíríà ń lò nígbà náà, ti 1970, ẹni tó kọ orin àti ẹni tó ṣe àwo ló mọ̀. Kò mọ ẹni tó jókòó sídìí ìlù. Ìgbà tí wọ́n ṣe òfin tuntun ní 1988 ni ẹ̀tọ́ àwọn tó ṣe eré, títí kan onílù, wọ inú òfin ilẹ̀ wa. Nígbà yẹn, Tony ti ń gbé ní Paris.

Bó ṣe kúrò nílé nìyí. Ó kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ṣe àwo No Discrimination ní 1980. Ó lọ sí London ní 1984, ó ṣe àwo kan níbẹ̀ tó pè ní Never Expect Power Always. Ẹ kó lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ jọ, ẹ ó rí orúkọ tí gbogbo ará Orẹ̀gún lè túmọ̀ láìwo ìwé. Láti ibẹ̀ ló lọ sí Paris, tó sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀.

Ní Paris ló wá di onílù sẹ́ṣọ̀n pátápátá, ẹni tí wọ́n ń pè wá sí sítúdíò láti lu ìlù sí orin ẹlòmíì. Ó ti lù sí àwo Aura ti King Sunny Adé ní 1984, àwo tí Stevie Wonder náà fọn hàmóníkà sí. Ó bá Manu Dibango ọmọ Cameroon ṣiṣẹ́, ó bá Ray Lema ọmọ Congo ṣiṣẹ́. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tó dá ìlù Afrobeat sílẹ̀, ó ń gbé pákó ìlù rẹ̀ káàkiri ìlú òyìnbó, ó ń gba iṣẹ́ ojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún nínú 1980 àti 1990, ayé kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọdún yẹn gùn, n ò fẹ́ ká kàn fò wọ́n bí ẹni pé kíá ni ògo dé.

Fẹlá kú ní oṣù kẹjọ 1997. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Tony gbé Black Voices jáde, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe orin ijó ní Yúróòpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ní 2000, Blur, ẹgbẹ́ ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dárúkọ rẹ̀ nínú orin wọn. Tony gbọ́, ó kàn sí Damon Albarn tó kọ ọ́, ìyẹn sì bí ọ̀rẹ́ ogún ọdún. Wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, The Good, the Bad & the Queen, àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 2007. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀: nínú ẹgbẹ́ yìí, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni Tony jẹ́, kì í ṣe ẹni tí wọ́n háyà. Láàárín ìgbà náà, ó ń lu ìlù sí orin Sébastien Tellier, Charlotte Gainsbourg, Grace Jones, Oumou Sangaré ọmọ Mali. Ó tún bá Jeff Mills tó ń fi ẹ̀rọ ṣe orin jọ ṣeré. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni o.

Ó sì wá sílé. Àwo Lagos No Shaking tó jáde ní 2006, Èkó níbí ló ti ṣe é, Fatai Rolling Dollar wà nínú rẹ̀. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà yẹn, ayé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí òun náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, tí òun àti Michael Veal jọ kọ, jáde ní 2013. Ẹni tó bá lè rí i rà kó rà á. Kò fi ọ̀rọ̀ owó bò rárá, kò sì bú Fẹlá kọjá àlà. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 2020 ló kú ní Paris, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, nígbà tí kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé. Oṣù tó ṣáájú ni àwo tí òun àti Hugh Masekela jọ ṣe láti 2010 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwo míì tún jáde, There Is No End, tí àwọn ọ̀dọ́ rápà kún, lórí ìlù tó ti lù sílẹ̀. Lára àwo yẹn, orúkọ tirẹ̀ ló wà níwájú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọmọ wa tó lọ sítúdíò. Èrò tèmi nìyí, ẹ lè tako mi. Ìyàtọ̀ wà láàárín onílù tó lu ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ àti onílù tó mú ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ wá. Ẹni àkọ́kọ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ tó, bó bá pé. Àwọn tó ní ẹni tó kọrin ló náwó sítúdíò, òun ló náwó ìpolówó, tí orin bá sì wọlẹ̀ òun nìkan ló máa sunkún, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kejì, ẹni tí orin náà ò lè dá dúró láìsí ìlù rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ ìpín. Ti orúkọ kò tilẹ̀ gba àríyànjiyàn. Kí ló ná wọn láti kọ orúkọ onílù sábẹ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Òfin ti wà báyìí. Èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023 fún ẹni tó ṣe eré láṣẹ lórí ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n òfin kò mọ ohun tí ẹ jọ sọ ní sítúdíò ní aago méjì òru. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó mú igi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kò ní láti jẹ́ ìwé lọ́yà. Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tó sọ orúkọ orin, déètì, iye owó, bóyá ó tán síbẹ̀ tàbí ìpín wà, àti bí wọ́n ṣe máa kọ orúkọ yín, tí ẹnì kejì sì dáhùn pé òun gbà, ó sàn ju ẹnu lásán lọ. Tí wọ́n bá gbé ìwé fún yín pé kí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kà á tán. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi ìnáwó, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀, ìtìjú wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti bàbá ni wọ́n. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá gbé kámẹ́rà wá láti gba orin ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ tà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìtìjú.

Nǹkan kan kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Nígbà tí sítúdíò wà ní Ìkẹjà, tí Fẹlá sì ní Shrine ní òpópónà Pepple, ó dájú pé àwọn bàbá wa kan láti Orẹ̀gún àti agbègbè rẹ̀ lu ìlù, ta gìtá, tàbí fọn fèrè sí àwo àwọn ẹlòmíì. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ kó orúkọ wọn jọ, ká tó pàdánù wọn. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan, tàbí tí ẹ̀yin fúnra yín bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi orúkọ, orúkọ báńdì, àti ọdún tí ẹ bá rántí ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka ọ̀dọ́ lórí gúrúùpù. Tí àwo náà bá wà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya fọ́tò iwájú rẹ̀ nìkan, ẹ yí i padà kí ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Lẹ́tà ibẹ̀ máa ń kéré, ẹ gbé e sún mọ́ iná.